Àbúrò mi àti obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní London: ta ló ń béèrè lọ́wọ́ ta?

AdukeSurulere

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Súrùlérè ni mò ń gbé, mo sì mọ̀ pé ẹ̀yin ará Erékùṣù, ará Yábàá àti ẹ̀yin ọmọ Èkó tí ẹ wà lókè òkun pọ̀ níbí. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, wà ní London. Ó ti pẹ́ tí òun àti obìnrin kan ti jọ ń gbé. Ó pè mí láìpẹ́ yìí, ó ní àwọn ti pinnu láti ṣe ìgbéyàwó. Mo bi í pé ta ló kọ́kọ́ béèrè nínú yín? Ó ní àwọn méjèèjì ni. Mo ní báwo? Ibi tó ti fẹ́ ṣàlàyé ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti gé.

Mo fẹ́ràn àbúrò mi dénú. Mi ò fẹ́ máa bi í ní ìbéèrè tó máa dà bíi pé mò ń fi í ṣẹ̀sín, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ wá síbí. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀nà ti là sílẹ̀: ọkùnrin ló ń wá, ẹbí rẹ̀ ló ń wá tọrọ, wọ́n á ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ọkọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, alága ìjókòó á sì gba owó lọ́wọ́ wọn dáadáa. Tó bá wá jẹ́ obìnrin méjì tàbí ọkùnrin méjì ńkọ́? Ta ló ń ra òrùka? Ta ló ń kúnlẹ̀? Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó àkókò? Kí sì ni èmi ẹ̀gbọ́n lè ṣe tí òfin ilé wa ò ní gbé mi?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá ń bí nínú, kó fara balẹ̀ bá mi sọ ọ́.

OmoYaba_Manchester

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú oríire. Yábàá ni wọ́n bí mi sí, Manchester ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé báyìí. Òótọ́ pọ́ńbélé ni àbúrò yín sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa, àwa méjèèjì la máa ń béèrè.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ìpinnu, torí òun ló ń ṣáájú òrùka. Tí ọkùnrin àti obìnrin bá ti ń fẹ́ra pẹ́, gbogbo ayé ló ń bá wọn dá a sílẹ̀. Màmá á béèrè, pásítọ̀ á béèrè, aládùúgbò á ní ìgbà wo la máa jẹ ìrẹsì. Àwa ò ní ẹni tó ń béèrè. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jókòó, tí ẹ máa fi ẹnu ara yín sọ ọ́: ṣé a fẹ́ nǹkan yìí àbí a ò fẹ́ ẹ?

Ọsibítù ni tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé e wọlé lóru, nọ́ọ̀sì wò mí, ó ní kí ni mo jẹ́ sí i. Mo ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mí. Nígbà tí ara rẹ̀ yá tó gbọ́ pé bí mo ṣe dáhùn nìyẹn, ó ní òun ò fẹ́ kí n tún jẹ́ ọ̀rẹ́ lójú ẹnikẹ́ni mọ́. Ibẹ̀ la ti wá ń sọ ohun tí a ò tíì sọ rí. Gbèsè tí kálukú wa jẹ. Bóyá a máa bímọ, àti ẹni tó máa lóyún. Ẹni tó máa sọ fún màmá mi. Ọ̀rọ̀ físà náà, torí ìwé iṣẹ́ ni mo fi wà níhìn-ín nígbà náà, mi ò sì fẹ́ kí ọmọ aráyé sọ pé torí ìwé ni mo ṣe fẹ́ ẹ. A ń sọ ọ́, ó ń di ìjà, a tún ń padà sídìí ẹ̀. Ìyẹn ni mo ń pè ní ìpinnu.

Lẹ́yìn náà la fẹnu kò pé kí kálukú bi ẹnì kejì lọ́jọ́ tó bá wù ú, láìsọ tẹ́lẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ bi mí. Ọmọ Jàmáíkà làwọn òbí rẹ̀, kò gbọ́ Yorùbá. Ó lọ bá àǹtí mi kan, ó ní kí wọ́n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà ìtọrọ. Mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tó gbé e wá: ìwé tí wọ́n ká, tí wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù pupa dì, bí èyí tí àbúrò ìyàwó ń kà níbi ìdána gẹ́lẹ́. Ó kà á fún mi pẹ̀lú ohùn tó ń lọ sókè níbi tó yẹ kó wálẹ̀: pé àwọn rí òdòdó kan tó rẹwà nínú ọgbà wa, àwọn sì fẹ́ já a. Ojú mi ti kún fún omi kó tó kà á tán. Nígbà tó kàn mí, èmi náà kúnlẹ̀ fún un pẹ̀lú òrùka níwájú màmá rẹ̀, torí mo mọ̀ pé ohun tó ń wù ú nìyẹn: kí màmá rẹ̀ fojú ara rẹ̀ rí i pé ẹnì kan fẹ́ ọmọ òun.

Akin_Mushin

Ẹ má bínú o, mo fẹ́ mọ̀ ni. Ta wá ni ọkọ nínú ẹ̀yin méjèèjì?

OmoYaba_Manchester

Kò sí ọkọ, bùrọ̀dá mi. Ìyàwó méjì ni. Ẹni tó mọ owó ṣọ́ ló ń ṣọ́ owó, ẹni tó kọ́kọ́ délé ló ń dáná.

AmofinIkoyi

Kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà, ẹ jẹ́ kí n mú ti òfin kúrò ńlẹ̀.

Oṣù kìíní ọdún 2014 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó ka ìgbéyàwó láàrin ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni fún ẹni tó bá ṣe é. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni fún ẹni tó bá so wọ́n pọ̀, tó ṣe ẹlẹ́rìí, tàbí tó ràn wọ́n lọ́wọ́ láti so ó. Ọdún 10 náà ni fún ẹni tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Torí náà, bí ọkùnrin kan bá kúnlẹ̀ fún ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé oúnjẹ kan ní Erékùṣù tí àwọn èèyàn sì ń ya fídíò, ìyẹn nìkan lè di ẹjọ́ sí wọn lọ́rùn. Rẹ́gístírì Ìkòyí, tí àwọn tọkọtaya ti ń jáde pẹ̀lú fìlà àti gèlè lójoojúmọ́, kò lè gba fọ́ọ̀mù wọn.

Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n bá gbà ní London náà ò ní agbára kankan níhìn-ín, òfin yẹn sọ ọ́ gbangba. Àǹtí Àdùkẹ́, tí àbúrò yín bá ní ilẹ̀ tàbí ilé l'Ékòó, ìgbéyàwó yẹn ò lè mú kí ìyàwó rẹ̀ jogún rẹ̀. Kó bá lọ́yà kọ ìwé ìhágún, kó dárúkọ rẹ̀ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀ fún. Kó sì ṣọ́ra: ní England, ìgbéyàwó máa ń pa ìwé ìhágún tí èèyàn ti kọ sẹ́yìn rẹ́, àfi tó bá ti kọ sínú rẹ̀ pé òun ń gbèrò láti fẹ́ ẹni báyìí. Kí wọ́n fi èyí kún ohun tí wọ́n máa jókòó sọ.

Tí ẹ bá ń rò pé òfin lásán ni, ẹ rántí Ègbẹ́dá lọ́dún 2018. Ọlọ́pàá ya wọ àpèjẹ kan ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọkùnrin, wọ́n tò wọ́n síwájú àwọn oníròyìn. Àwọn 47 ni wọ́n gbé lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ níbí l'Ékòó lábẹ́ òfin yìí. Oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni adájọ́ tó da ẹjọ́ náà nù, torí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ò tẹpá mọ́ ọn. Wọn ò ṣẹ̀wọ̀n, àmọ́ gbogbo ayé ti rí ojú wọn.

BabaOkeArin

Ọmọ mi Àdùkẹ́, mo kí ọ. Pẹ̀lú iye ọdún tí mo ti lò láyé, mi ò lè fara mọ́ èyí. Ìgbéyàwó láàrin ẹbí méjì ni, torí ọmọ la sì ṣe ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbàdúrà fún ìyàwó pé kó bí akọ, kó bí abo. Ẹ̀sìn mi náà ò gbà á. Mi ò ní kí o kọ àbúrò rẹ sílẹ̀ o. Ẹ̀jẹ̀ rẹ ni. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí wọ́n mú ìdána wa wọ inú ẹ̀. Kí wọ́n ṣe ti ìjọba lọ́hùn-ún, kó tán síbẹ̀.

AdukeSurulere

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ bí òbí. Ọ̀rọ̀ ẹbí tí ẹ mú wá yẹn gan-an ló ń dùn mí. Ẹ ní ìgbéyàwó láàrin ẹbí méjì ni. Tí a bá wá ní kó lọ ṣe ti ìjọba nìkan, kò ní sí ẹbí kankan nínú tirẹ̀. Àbúrò mi ló wẹ bàbá wa, ló sì tọ́jú wọn títí wọ́n fi kú. Kò sí ìnáwó ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa tí kò fowó sí. Mi ò lè jẹ́ kó jókòó níbi ìgbéyàwó tirẹ̀ kó máa wo ẹ̀yìn, kó má rí ẹnì kankan.

BabaOkeArin

Mo gbọ́ ọ. Ibi tí mo dúró sí náà ni mo ṣì wà, àmọ́ mo gbọ́ ọ.

Eko_Ni_Joburg

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí, Johannesburg ni mo ti fẹ́ ọkọ mi. Láti ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 2006 ni wọ́n ti gbà á ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn ló kọ́kọ́ gbà á ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Nínú òfin wọn, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa yàn bóyá ìgbéyàwó lẹ fẹ́ kí wọ́n pè é tàbí àjọṣe lábẹ́ òfin. Ẹ̀tọ́ kan náà ló wà nínú méjèèjì. Àwa mú ìgbéyàwó. Ìyẹn gan-an di ìjíròrò, torí ọkọ mi ò fẹ́ orúkọ yẹn lákọ̀ọ́kọ́. Ó ní ìgbéyàwó ló fìyà jẹ ìyá òun, òun ò fẹ́ bá a pín nǹkan kan. Ó pẹ́ ká tó yanjú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ronú nípa rẹ̀ mọ̀ ni ti ohun ìní. Ní Gúúsù Áfíríkà, tí ẹ ò bá lọ bá nótárì, ìyẹn lọ́yà tó ń fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, kọ àdéhùn kí ẹ tó ṣe ìgbéyàwó, ohun gbogbo tí ẹ ní ti di àjọni, gbèsè náà sì ti di àjọjẹ. Torí náà ìbéèrè tiwa ò wáyé lẹ́bàá òkun. Ọ́fíìsì nótárì la wà. A ti ka àdéhùn náà tán, obìnrin náà jáde lọ tẹ ẹ̀dà kejì, ni ọkọ mi yíjú sí mi, ó ní, "O ti wá rí gbogbo gbèsè mi báyìí. Ṣé o ṣì fẹ́ mi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyẹn lèmi ń kà sí ìbéèrè. Òrùka dé nígbà tó yá, ọ̀kan náà la rà ní méjì, ọwọ́ alágbẹ̀dẹ wúrà kan ṣoṣo.

Tó bá jẹ́ ti ẹni tó ń kúnlẹ̀, kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀ nínú wa. Àmọ́ nígbà tí bàbá rẹ̀ wá láti Limpopo, mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Wọn ò tíì rí i rí. Wọ́n sáré wá gbé mi dìde.

Onkawe_EbuteMetta

Mo fẹ́ràn láti máa ka ìtàn àwọn ẹjọ́ wọ̀nyí, ẹ jẹ́ kí n fi méjì sílẹ̀ torí ọ̀rọ̀ ta ló béèrè àti báwo.

Edith Windsor àti Thea Spyer, ọmọ New York. Ọdún 1967 ni Thea ní kí Edith fẹ́ òun. Kò fún un ní òrùka. Píìnì dáyámọ́ńdì olóbìírípo tí wọ́n ń fi há aṣọ láyà ló fún un, torí tí Edith bá wọ òrùka lọ sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á bi í pé ọkùnrin wo ló fún un. Wọ́n dúró títí di ọdún 2007 kí wọ́n tó lè ṣe ìgbéyàwó, Toronto ni wọ́n sì lọ ṣe é. Àìsàn ti dá Thea mọ́ orí àga oníkẹ̀kẹ́ nígbà náà. Ọdún 2009 ló kú, ìjọba Amẹ́ríkà sì ní kí Edith san owó orí ogún tó lé ní 363,000 dọ́là, torí wọn ò kà á sí aya. Ó pẹjọ́, ó sì borí ní ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ lóṣù kẹfà ọdún 2013.

Nígbà tí ìròyìn ìdájọ́ yẹn jáde, Jim Obergefell àti John Arthur wà nílé wọn ní Cincinnati. Ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti jọ wà. Àìsàn tó ń pa iṣan ti dá John mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì. Etí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni Jim ti ní ká ṣe ìgbéyàwó. Ìpínlẹ̀ wọn ò gbà á, torí náà wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbé aláìsàn gbé John lọ sí Maryland lóṣù keje. Inú ọkọ̀ náà, lórí pápá, ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀, àǹtí John ló sì ṣe é. John kú lóṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà. Ẹjọ́ pé kí wọ́n kọ orúkọ Jim sínú ìwé ẹ̀rí ikú rẹ̀ bí ọkọ ló di ìdájọ́ ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 2015, tó ṣí ọ̀nà sílẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Ẹ wò ó, nínú ìtàn méjèèjì, wọ́n ti fẹ́ra tipẹ́tipẹ́ kí òfin tó bá wọn dé.

Eni_Mainland

Mi ò ní sọ àdúgbò mi. Ọkùnrin ni mí, èmi àti ẹni tí mo fẹ́ wà níbí l'Ékòó. Mo ka ti píìnì yẹn, ó wọ̀ mí lára gan-an.

Àwa náà ti bi ara wa. Inú yàrá ni, a ti ilẹ̀kùn, jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò ń dún gan-an débi pé mo ní láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lánlọ́ọ̀dù rò pé ìbátan ni wá. Aago ọwọ́ la fún ara wa, torí kò sẹ́ni tó ń bi ọkùnrin pé ta ló ra aago fún un. Ó mọ ibi tí mo kó ìwé báǹkì mi sí, mo mọ oògùn tí ìyá rẹ̀ ń lò, èmi ni mo sì máa ń rà á. Kò sí ẹlẹ́rìí, kò sí ìwé kankan. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó ní àǹfààní rẹ̀ lọ́hùn-ún mọ̀ pé inú wa ń dùn fún yín, àtọkànwá.

OmoYaba_Manchester

Bùrọ̀dá mi, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín.

Àǹtí Àdùkẹ́, bó ṣe ń lọ níbí rèé. Lóṣù kẹta ọdún 2014 ni ìgbéyàwó yìí bẹ̀rẹ̀ ní England àti Wales. Kálukú wọn á fi ara rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì rẹ́gístírì àdúgbò tó ń gbé láti fi tó wọn létí. Ọjọ́ 28 ni wọ́n máa dúró lẹ́yìn ìyẹn, ó sì lè di 70 tí ọ̀kan nínú wọn bá wà lórí físà tí ìjọba fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹlẹ́rìí méjì ni wọ́n nílò. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kò lè so wọ́n pọ̀, torí náà kí wọ́n má ṣe retí ìyẹn.

Ohun kan wà tí kì í wá sọ́kàn èèyàn: láti oṣù karùn-ún ọdún 2021, orúkọ ìyá náà ń wọ inú ìwé ìgbéyàwó, pẹ̀lú iṣẹ́ tó ń ṣe. Tẹ́lẹ̀, ti bàbá nìkan ni. Orúkọ màmá yín á wà níbẹ̀. Ẹ ronú sí i kó tó di ọjọ́ náà.

AdukeSurulere

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo ti bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́ lálẹ́ àná.

Ohun tó túmọ̀ sí pé àwọn méjèèjì ló béèrè rèé: kò wù wọ́n kí ẹnikẹ́ni kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti fẹnu kò láàrin ara wọn. Ohun tó kù ni pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn tọrọ ẹnì kejì lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀. Ọmọ Kumasi ni ìyàwó àbúrò mi. Àbúrò mi ti lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní Croydon, ó gbé wáìnì lọ, wọ́n sì gbà á. Ní báyìí ìyàwó rẹ̀ náà fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ lórí fídíò, ọwọ́ mi ló ti fẹ́ tọrọ àbúrò mi. Mo ti ní kó kọ lẹ́tà. Mo fẹ́ di ìwé náà mú lọ́wọ́ mi, kí n kà á sókè bí mo ṣe ka ti ẹ̀gbọ́n wa àgbà lọ́jọ́sí. Mo sì máa kọ èsì.

Mo ti ń wo aṣọ òkè pẹ̀lú. Àwọn méjèèjì fẹ́ gèlè àti ìpèlé, àwọ̀ kan náà. Oníbàárà mi kan ní Balógun ti sọ iye rẹ̀ fún mi.

Ti màmá ló kù. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n wà. Wọ́n mọ̀, wọn ò sì mọ̀. Wọ́n máa ń kí "ọ̀rẹ́ rẹ̀ yẹn" lórí fóònù, wọ́n sì ń gbàdúrà fún un. Mi ò fẹ́ kí orúkọ wọn wọ inú ìwé tí wọn ò gbọ́ nípa rẹ̀. Ìparí ọ̀sẹ̀ yìí ni mo fẹ́ sọdá lọ bá wọn. AmofinIkoyi, ṣé ewu kankan wà nínú kí n gba lẹ́tà, kí n sì fi aṣọ ránṣẹ́?

AmofinIkoyi

Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá màmá yín sọ nínú ilé yín, ẹ̀yin lẹ ni ín. Òfin yẹn gbòòrò jù níbi tó ti mẹ́nu kan ìrànlọ́wọ́ àti ẹlẹ́rìí, torí náà ẹ má ṣe àpèjẹ kankan níbí, ẹ má gbé fọ́tò tàbí fídíò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má sì sọ fún télọ̀ pé kí ló wà fún. Kí ẹ tó fi aṣọ ránṣẹ́, kí ẹ sì tó ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ jókòó níbẹ̀, ẹ lọ rí lọ́yà lójúkojú.

BabaOkeArin

Tí o bá ń lọ bá ìyá rẹ, ìwọ nìkan ni kó o lọ. Má mú ẹ̀gbọ́n kankan dání tó máa gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọ lẹ́nu. Kí wọ́n jẹun tán kó o tó bẹ̀rẹ̀.

AdukeSurulere

Ẹ ṣeun, bàbá. Mo máa ṣe bẹ́ẹ̀.